Òdo Mẹ́ta Nínú Ìwé Àdìsá

Ẹgbẹ̀rún méjì fráǹkì ni Àdìsá na sí ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní kó fi se oúnjẹ tí àlejò yóò jẹ tí yóò fi gbàgbé ọ̀nà ilé.

Ràfátù wo owó náà. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó tún wo owó.

"Bàbá Sọ̀fíyù, kí ni kí n fi èyí rà?"

"Adìẹ. Ìrẹsì. Kí o din dòdò díẹ̀ sí i. Kí omi tútù wà nílẹ̀. Àgbà obìnrin ni àlejò tó ń bọ̀ yìí o, ọ̀gá ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Mi ò fẹ́ kó rí àléébù kankan nínú ilé yìí."

"Adìẹ ìbílẹ̀ kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni lánàá ní Ìgólò."

"Ìwọ náà ṣáà máa ń mọ bí o ṣe ń ṣe é."

Gbólóhùn yìí ni Àdìsá fi ń jẹun láti ọdún mẹ́wàá. Kò ná an ní kọ́bọ̀, kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Bí iyọ̀ bá tán, ìwọ náà ṣáà máa ń mọ bí o ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n bá fẹ́ wá gé iná, ìwọ náà ṣáà máa ń mọ bí o ṣe ń ṣe é. Ọkùnrin tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, kò fi ọjọ́ kan jókòó kó ṣírò ibi tí iyọ̀ inú ọbẹ̀ rẹ̀ ti ń wá.

Ràfátù fẹ́ fèsì. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n Àdìsá ti mú abẹ pẹlẹbẹ tó fi ń gé oògùn, ó gbé hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan lé orí ìjókòó, ó ń gé e sí méjì. Hóró kan lóòjọ́ ni dókítà kọ fún un. Láti ìgbà ààwẹ̀ ló ti ń lo ìdajì. Ìdajì kan ta sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wá a nínú eruku. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, lórí ìkúnlẹ̀, tó ń wá ìdajì hóró oògùn. Ràfátù bá a wá a rí, ó fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló mú ẹgbẹ̀rún méjì náà.

"Má bá àlejò sọ̀rọ̀ owó o," Àdìsá sọ láti ilẹ̀ níbẹ̀. "Bó bá bi ọ́ léèrè nǹkan, ní kó wá bi mí. Èmi ni mo ni ìwé."

Ìwé tó ń wí yìí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ìwé ìkọ̀wé ẹlẹ́yìn pupa ni, ojú ewé kan fún oṣù kan, owó tó wọlé lókè, owó tó jáde nísàlẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n fi yíǹkì bàjẹ́. Nígbà tí Àdìsá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní agbègbè Ìlaròó, tó dá ẹnubodè kọjá wá sí ìlú ìyàwó rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan náírà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fráǹkì. Ó ní ọba lòun yóò máa jẹ ní Ifangni. Lónìí, ẹgbẹ̀rún kan náírà kò pé irínwó fráǹkì mọ́, owó ìfẹ̀yìntì Àdìsá látòkèdélẹ̀ kò ju ogún ẹgbẹ̀rún fráǹkì lọ lóṣù, síbẹ̀ ìwé rẹ̀ ṣì ń pé. Oṣooṣù ló ń pé. Ó ń ya àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù ní Nàìjíríà lẹ́nu. Ìwé yìí náà ló mú kí Victorin, alágbàtà ilé àti ilẹ̀, máa pè é ní "mon professeur", tíṣà mi.

Victorin ní ilé oníyàrá mẹ́ta kan lọ́nà Banigbé tó ń wá ẹni tí yóò gbà á háyà, tí yóò san owó ọdún mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Àdìsá ti wá ẹni náà: Màmá Fáyẹ́misí, opó, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ní ilé ìwé kan náà, tó ní òun fẹ́ lo ìyókù ayé òun níbi tí iná kì í lọ tí ìbọn kì í sì í dún. Bí màmá yìí bá fi mílíọ̀nù kan fráǹkì sílẹ̀ lónìí, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba yóò bọ́ sọ́wọ́ Àdìsá. Oògùn odidi ọdún kan ni yóò sì kọ́kọ́ yọ rà nínú rẹ̀, hóró kan lóòjọ́, láìgé.

Ràfátù mọ èyí. Nítorí rẹ̀ ló ṣe lọ sí ẹ̀yìn ilé, sí abẹ́ àwọn kẹ́ẹ̀gì epo, tó yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kún ẹgbẹ̀rún méjì Àdìsá. Owó ẹyìn ni. Ó ti tọ́jú rẹ̀ kó lè fi ra ìdì ẹyìn kún ti ọ̀pẹ tirẹ̀, tí yóò sè lọ́la, torí láìsí ẹyìn kò sí epo, láìsí epo kò sí ọjà. Adìẹ gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ. Ìrẹsì gbé ẹgbẹ̀rún méjì dín díẹ̀. Tòmátì, àlùbọ́sà, òróró àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pín ìyókù láàárín ara wọn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Léontine ní oríta láti ra yìnyín, igba fráǹkì ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Léontine ní ẹ̀rọ amómitutù, ó sì ní ẹnu. Ohun mímu ló ń tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bù fún oníbàárà.

"Ìyá Sọ̀fíyù, adìẹ lónìí? Ṣé ọmọ ti fi owó ránṣẹ́ láti Libreville ni?"

"Àlejò ni."

"Ah, bon. Àlejò Victorin yẹn." Ó nu yìnyín tó so mọ́ inú ọ̀rá. "Ó ti sọ fún mi. Ó ní bí èyí bá dé, márùn-ún mìíràn ń tẹ̀lé e, gbogbo wọn retraités, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní kí n máa múra sílẹ̀. Èmi náà á kọ́ yàrá méjì sẹ́yìn ibí, màá fi háyà fún wọn."

"Ṣé ó ti sọ iye tí a ń ra nǹkan níbí fún wọn?"

"Kí ló máa sọ ìyẹn fún? Bí wọ́n bá dé, wọ́n á mọ̀." Léontine rẹ́rìn-ín. "Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran."

Òwe tí àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kó ṣàánú àlejò, kó mú un lọ́wọ́, kó fi ọ̀nà hàn án, òun ni Léontine sọ di òwe ọjà yìí. Ó rí Ràfátù lára. Ó san owó yìnyín, ó sì yára kúrò níbẹ̀, nítorí bó bá dúró díẹ̀ sí i, yóò ní láti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun gan-an ń fi yìnyín náà ṣe.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ wo ilé náà tán, zémidjan méjì gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Victorin sọ̀ kalẹ̀ lára alùpùpù àkọ́kọ́, bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó lẹ́sẹ̀, fóònù méjì lọ́wọ́, lọ́fíńdà rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó gbé páálí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan dání. Màmá Fáyẹ́misí sọ̀ kalẹ̀ lára èkejì. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ rẹ̀ ti ṣá ṣùgbọ́n wọ́n lọ̀ ọ́ dáadáa, ó sì há báàgì dúdú kan mọ́ abíyá tí kò tú u sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti bá a gbé.

Ràfátù kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọ̀nà, Màmá. Ẹ kú ìrìn."

"Dìde, ọmọ mi. Ẹ ṣeun o, Ìyá Sọ̀fíyù. Gbogbo ìgbà ni Tíṣà ń dárúkọ ẹ."

Àdìsá ti gbé àga tó dára jù sí abẹ́ fáànù. Ó fi Màmá Fáyẹ́misí jókòó síbẹ̀, ó gbé ìwé rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n kà á ní ìrọwọ́rọsẹ̀, kí ọ̀gá òun wo bí òun ṣe ń tọ́jú ilé. Gbogbo ètò tó ṣe nìyẹn, ìwé nínú pálọ̀, ìyàwó lẹ́yìn ilé. Ohun kan ló gbàgbé. Obìnrin tí a bí ire kì í jókòó sábẹ́ fáànù kí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ máa nìkan jẹ èéfín. Àlejò tó bá jẹ́ obìnrin, bó ti wù kó dàgbà tó, yóò yọjú sí ibi ìdáná, yóò kí ẹni tó ń se oúnjẹ fún un. Kò pẹ́ tí Màmá Fáyẹ́misí fi dìde, tòun tìwé, tòun ti báàgì.

"Ma mère, ẹ jókòó, ẹ sinmi," ni Victorin wí.

"Màá sinmi. Ẹ jẹ́ kí n kí ìyàwó."

Àdìsá gbé ìdí díẹ̀ lórí àga, ó tún padà jókòó. Kí ni yóò wí? Ta ló ń dí àlejò lọ́nà ibi ìdáná?

Ràfátù ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí òjìji bọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Màmá Fáyẹ́misí fa àpótí kan, ó jókòó, ó gbé báàgì lé itan, ó sì wọ gíláàsì rẹ̀.

"Màmá, èéfín á ba aṣọ yín jẹ́."

"Èéfín tí mo ti jẹ láyé yìí ju èyí lọ. Ìwé yìí ló yà mí lẹ́nu. Mo fẹ́ kà á sí ẹ létí. Ọkùnrin lè kọ ọ́, obìnrin ló ń sè é."

Ọdún méjì péré ni Ràfátù lò nílé ìwé, ti Faransé sì ni. Ó mọ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n Yorùbá tí Àdìsá ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà wọ̀nyẹn, ẹnikẹ́ni kò kà á fún un rí. Kò bèèrè, wọn kò sì sọ.

"Iná mànàmáná, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta," ni Màmá Fáyẹ́misí ń kà, ohùn rẹ̀ dún kedere, ohùn ẹni tó ti ka ìwé fún kíláàsì rí. "Oògùn, ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀. Fóònù, ẹgbẹ̀rún kan. Sàráà àti mọ́sáláásí, ẹgbẹ̀rún kan. Owó ọbẹ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Gàrí, òdo. Epo, òdo. Igi ìdáná, òdo." Ó gbójú sókè. "Òdo mẹ́ta. Ọlọ́run mà ṣeun fún yín o. Àwọn mẹ́ta yìí gan-an ló ń pa wá ní Ìlaròó."

Ràfátù ń ro ọbẹ̀.

"Owó ọwọ́ ìyàwó, ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ìfipamọ́, ẹgbẹ̀rún méjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ogún ẹgbẹ̀rún. Ó pé."

Ṣíbí dúró nínú ìkòkò.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Kí lẹ pe èyí tó tẹ̀lé igi?"

"Owó ọwọ́ ìyàwó. Tìẹ nìyẹn. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún." Màmá Fáyẹ́misí ṣí ìwé sẹ́yìn. "Oṣù tó kọjá rèé, ó wà níbẹ̀. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ rèé. Ah, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ni." Ó mi orí. "Tíṣà mà ń ṣe dáadáa sí ẹ. Bàbá àwọn ọmọ mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, títí tó fi kú, kò fún mi ní owó ọwọ́ rí."

Obìnrin tó ń ta epo kò nílò ìwé kó tó ṣírò. Kí ìrẹsì tó fa omi tán, Ràfátù ti mọ iye rẹ̀: ẹgbẹ̀rún márùn-ún lóṣù, oṣù méjìlá lọ́dún, ọdún mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta fráǹkì. Kò fojú kan ọgọ́rùn-ún kan nínú rẹ̀ rí. Ibo ló ń gbà lọ? Àdìsá kì í mutí, kì í ta tẹ́tẹ́. Ràfátù wá rántí bó ṣe máa ń wọlé nírọ̀lẹ́ lọ́sẹ̀ tí owó bá dé, tí ètè rẹ̀ máa ń dán fún òróró, tí yóò bu ẹ̀bà díẹ̀ jẹ, tí yóò ní ebi kò pa òun púpọ̀. Ẹran díndín oríta. Nǹkan tó ń jẹ kó tó wọlé nìyẹn. Àti pé títí di àárọ̀ yìí, Ràfátù rò pé ọkùnrin náà ń jẹ díẹ̀ nítorí tòun ni, kí oúnjẹ lè ṣẹ́ kù fún òun. Ó ti ṣàdúrà fún un nítorí rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé bí ọkọ òun kò tilẹ̀ lówó, ó láàánú.

Itọ́ ẹnu rẹ̀ korò. Ó tu ú sínú eérú.

"Wò ó," ni Màmá Fáyẹ́misí ń bá tirẹ̀ lọ, "bí ẹ̀yin méjì bá ń jẹ ogún ẹgbẹ̀rún, tí ẹ tún ń rí nǹkan fi pamọ́, èmi nìkan, tí tèmi ń lọ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n bí mo bá ṣẹ́ ẹ sí fráǹkì, màá tún máa rí tí n óò fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ-ọmọ. Àbí báwo lo ṣe rí i? Ìwọ lò ń se ọbẹ̀ níbí. Ṣé á tó mi?"

Ìbéèrè náà rèé, obìnrin sí obìnrin, kò sí ọkùnrin láàárín. Ràfátù wo iná. Ó rí Àdìsá lórí ìkúnlẹ̀, tó ń fi ìka wá oògùn. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Hóró kan lóòjọ́.

"Ẹ bi Bàbá Sọ̀fíyù, Màmá," ó ní. "Àwọn ni wọ́n ni ìwé."

Ohùn ara rẹ̀ rí i lára. Ohùn Léontine ló gbọ́ níbẹ̀.

Màmá Fáyẹ́misí pa ìwé dé, ó bọ́ gíláàsì, ó fọ ọwọ́. Láìbèèrè, ó fa ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

Wọ́n jẹun nínú pálọ̀. Victorin jẹ ìrẹsì àwo méjì, ó fọ́ egungun, ó fa inú rẹ̀ mu. Àdìsá mú itan adìẹ. Màmá Fáyẹ́misí jẹ ìyẹ́ kan, ó yin ọbẹ̀, ó mu omi. Kí wọ́n tó kó àwo kúrò nílẹ̀, Victorin ti nu ọwọ́, ó ti yọ ìwé àdéhùn kan jáde nínú ọ̀rá.

"Bon, Màmá. La convention rèé. Ẹ fi l'avance ọdún mẹ́wàá sílẹ̀, gbogbo wa buwọ́ lù ú, c'est fini. Onílé ń retí mi ní Porto-Novo kó tó di aago mẹ́ta. Ẹlòmíràn ti ń wá ilé yìí, nítorí mon professeur ni mo ṣe mú un dání fún yín."

Màmá Fáyẹ́misí ṣí báàgì dúdú náà. Gèlè àtijọ́ kan ló fi di owó náà, ó sì tú u lórí itan, kókó kan lẹ́yìn èkejì.

"Owó tí ìjọba kó fún mi lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógójì rèé," ó ní. "Ìgbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Ìgólò láàárọ̀, ó kún àpò. Ohun tí wọ́n kó fún mi padà rèé." Ó gbé ọwọ́ lé e. "Tíṣà, mi ò ní òmíràn. Bí mo bá sọ èyí sílẹ̀ tí owó oṣù mi kò wá tó mi jẹ, mi ò ní ilé tí n óò padà sí. Mo ti sọ fún onílé mi pé mò ń lọ. Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ọ̀gá, ìwé kì í purọ́," ni Àdìsá dáhùn. Ó na ọwọ́ sí Ràfátù, tó gbé abọ́ omi ìṣanwọ́ wọlé lákòókò náà. "Ìyàwó mi rèé. Ẹ bi í lójú mi. Ọdún mẹ́wàá gbáko, ṣé ebi pa á rí? Ṣé ó ráhùn rí? Ràfátù, sọ fún wọn."

Ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀rá adìẹ wà ní ètè rẹ̀, ètè náà ń dán.

Ràfátù gbé abọ́ omi sílẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ní ọ̀pẹ?"

"Ọ̀pẹ wo?"

"Ọ̀pẹ tí wọ́n á bá yín kọ ẹyìn rẹ̀, tí ẹ óò sè é, tí ẹ óò gún un, tí epo fi máa jẹ́ òdo nínú ìwé yín."

"Rárá, mi ò ní."

"Ṣé ẹ ní oko ẹ̀gẹ́ bíi tèmi ní Ko-Koumolou, tí ẹ óò máa hú u, tí ẹ óò máa rin ín, tí ẹ óò máa yan án, tí gàrí fi máa jẹ́ òdo?"

"Mi ò ní, ọmọ mi."

"Ràfátù," ni Àdìsá wí. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lóhùn rẹ̀ mọ́.

"Ṣé ẹ ní ìyàwó, Màmá?"

Màmá Fáyẹ́misí wò ó.

"Opó ni mí."

"Ìyàwó ni òdo mẹ́ta yẹn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yín kò ní rí ogúnjọ́ oṣù níbí bí kò bá sí ẹnì kan lẹ́yìn ilé yín tó ń fi owó tirẹ̀ kún un. Oúnjẹ tí ẹ jẹ yìí, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni. Ẹgbẹ̀rún méjì ni wọ́n fún mi láàárọ̀. Owó ọwọ́ tí ẹ kà fún mi, ẹnu yín ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Victorin ló kọ́kọ́ rí ẹnu lò.

"Mais non, ma mère, ẹ má dá a lóhùn. Ìjà tọkọtaya ni. Ẹ mọ bí obìnrin ṣe..." Ó rí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó dákẹ́.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè," Àdìsá wí, "ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. O ti pa mí, Ràfátù. Lójú àlejò."

Màmá Fáyẹ́misí ti ń di owó rẹ̀ padà. Ó di kókó àkọ́kọ́, ó di èkejì, ó fà á le. Kò pariwo. Ó gbé ìwé ẹlẹ́yìn pupa náà lórí tábìlì, ó rọra tì í sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

"Tíṣà, a jọ kọ́ wọn ni. Ọmọ tó bá kọ òdo síbi tí kò mọ iye tó wà níbẹ̀, kí la máa ń ṣe fún un?"

Àdìsá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Victorin kò tún jókòó. Ó ká ìwé àdéhùn rẹ̀, ó pe ẹnì kan lórí fóònù, ó ń fi Faransé sọ fún un pé òun mọ obìnrin mìíràn ní Ìpókíá. Nígbà tó ń lọ, ó ka ìgò tó kù nínú páálí, ó gbé e, ó sì na ọwọ́ mú èyí tó wà níwájú Màmá Fáyẹ́misí, tí kò tíì ṣí. Bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó náà ń dún lọ ní àgbàlá. Kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀.

Lẹ́yìn ilé, níbi àwọn kẹ́ẹ̀gì epo, Màmá Fáyẹ́misí dúró ti Ràfátù.

"Wọn lítà mẹ́wàá fún mi. Iye tí ò ń tà á fún gbogbo ayé ni kí o gbà."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n dín in kù fún yín. Mo ti ṣẹ̀ yín nídìí iná lẹ́ẹ̀kan."

"Mo mọ̀. Mo rí ọwọ́ ẹ tó dúró nínú ọbẹ̀. Bí o kò bá sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, ǹ bá sanwó ná, torí ó ti rẹ̀ mí." Ó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lé e lọ́wọ́, kò gbà kó dín kọ́bọ̀. "N óò lọ bẹ onílé mi. Bóyá kò tíì gba ẹlòmíràn sí i."

Zémidjan gbé e lọ sí Ìgólò, kẹ́ẹ̀gì epo láàárín òun àti awakọ̀, báàgì dúdú lábẹ́ abíyá.

Kí eruku alùpùpù tó rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé oríta láti ẹnu Victorin. Ràfátù ń fọ ìkòkò nígbà tó gbọ́ wọn lẹ́yìn ọgbà, Léontine àti àwọn obìnrin méjì tó wá fa omi, wọn kò sì rẹ ohùn sílẹ̀, torí wọ́n fẹ́ kó gbọ́.

"Mílíọ̀nù kan ti wà lórí itan, hein. Mo ní ó ti tú gèlè tán."

"Ó da iyanrìn sí gàrí ọkọ ẹ̀."

"Sí tiwa náà. Èmi tí mo ti pe bíríkìlà sí ọ̀rọ̀ yàrá méjì."

"Obìnrin tó bá gbọ́n, á jẹ́ kí owó wọlé ná. Bó bá wọlé tán, ó lè wá bá ọkọ ẹ̀ jà bó ṣe wù ú."

"Voilà."

Wọ́n fa omi, wọ́n gbé e rù, wọ́n lọ. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó dárúkọ opó náà. Àwọn obìnrin tó ń sunkún níbi òkú ni wọ́n o, tí wọ́n ń bá ọmọ tuntun yọ̀, tí wọ́n ń bu iyọ̀ fún ara wọn. Ọwọ́ epo laráyé ń báni lá. Ràfátù fi eérú ha ìdí ìkòkò títí tó fi mọ́, ó tún ń ha á lẹ́yìn tó ti mọ́.

Wọ́n ti pe ìrun alásárì kí Àdìsá tó jáde sẹ́yìn ilé. Iṣan ọrùn rẹ̀ le, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wo àwọn kẹ́ẹ̀gì, ó wo ilẹ̀, ó wo ibi gbogbo àfi ojú ìyàwó rẹ̀.

"Mélòó ni wọ́n ra epo?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án."

"Oògùn ku hóró méjì." Ó na ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ sókè. "Mú un wá. Ìwọ náà ṣáà máa ń mọ bí o ṣe ń ṣe é."

Ràfátù gbé agbọ̀n ẹyìn kọ́ apá. Bí kò bá tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹyìn, ìdì tó dára ti tán.

"Ẹ yọ ọ́ nínú owó ọwọ́ ìyàwó, Bàbá Sọ̀fíyù," ó ní. "Ọdún mẹ́wàá ni. Á ti pọ̀ níbẹ̀."

Ó kọjá lára ọwọ́ tó nà náà, ó sì jáde.